Ibi Ìkọsẹ̀ àti Ibi Ìṣubú: Ìtàn Ìjábọ̀ Àṣìṣe nínú Atúpalẹ̀ Gbólóhùn, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Àṣamọ̀

Atúpalẹ̀ gbólóhùn ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tó sì ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà bá òfin gírámà kan mu. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń ṣẹ̀dá irú ètò bẹ́ẹ̀ láti inú òfin tí onígírámà kọ. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí irú atúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń fi àṣìṣe hàn àti bó ṣe ń jábọ̀ rẹ̀, láti ayé Yacc ní ọdún 1975 títí di àsìkò atúpalẹ̀ tó ń fi àkójọ ọ̀rọ̀ kọ́ṣẹ́. Ó fi orúkọ ìlú méjì, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àti ẹ̀ka-èdè agbègbè wọn ṣe òṣùwọ̀n. Èrò tó dì mú ni pé ìjábọ̀ àṣìṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọ gbólóhùn nìkan; ọ̀rọ̀ nípa gírámà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ni pẹ̀lú. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn, ẹ̀ka-èdè odindi ìlú lè di àṣìṣe.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tó mú àgbà kọsẹ̀ ló ń wá nígbà tó bá wẹ̀yìn, nítorí ó mọ̀ pé ibi tí òun ṣubú sí kọ́ ni òkúta wà. Ìtàn ìjábọ̀ àṣìṣe nínú ẹ̀rọ atúpalẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí òwe yìí ń sọ. Ẹ̀rọ mọ ibi tí ìtúpalẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ó ṣòro fún un láti mọ ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ ṣe gbìyànjú láti mú ibi méjèèjì yìí súnmọ́ ara wọn ni ìtàn tí a ó sọ.

Ìkàrẹ́ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó, Ọ̀kà sì ni ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà, ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Agbègbè yìí yẹ fún àyẹ̀wò nítorí pé ẹ̀ka-èdè Yorùbá ibẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, àti nítorí pé àwọn èdè mìíràn tí kì í ṣe Yorùbá, bí Àrìgìdì, Ukaan àti Akpes, wà ní àyíká kan náà. Gírámà tí a bá kọ fún Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kì í pẹ́ bá ààlà rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

2. Láti inú gírámà sí ẹ̀rọ: 1956 sí 1975

Ní ọdún 1956 ni Noam Chomsky gbé ìpele gírámà kalẹ̀ fún ìjíròrò. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí John Backus àti Peter Naur fi lo irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ṣàpèjúwe ALGOL 60, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà ni òfin gírámà ti di ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹ̀rọ lè ti inú òfin náà ṣẹ̀dá atúpalẹ̀ láìsí pé ènìyàn jókòó kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ.

Donald Knuth dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1965. Ó fi hàn pé ọ̀wọ́ gírámà ńlá kan wà tí a lè tú gbólóhùn wọn palẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún láìpadà sẹ́yìn. Ìwà kan tí irú atúpalẹ̀ yìí ní ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ àṣìṣe: kì í fi ìgbà kan gba ọ̀rọ̀ tí kò lè di apá ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kankan nínú gírámà náà. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ti kà bá ṣì lè parí sí rere, yóò máa lọ. Ibi tí ìrètí yẹn bá ti pin ni yóò ti dúró. Frank DeRemer dín ẹrù ọ̀nà yìí kù ní ọdún 1969. Ní ọdún 1975, Stephen C. Johnson ní iléeṣẹ́ Bell Labs kọ ìwé nípa Yacc, ẹ̀rọ tí ń ṣẹ̀dá atúpalẹ̀, tó wá di irinṣẹ́ gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kékeré kan hàn. Ká ní onígírámà kọ òfin sílébù Yorùbá àjùmọ̀lò: kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan, tàbí fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù. Ká tún ní a gbé orúkọ ìlú Ọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ náà bí àwọn ọmọ ìlú náà ṣe ń pè é, ìyẹn Ọ̀ghọ̀. Ẹ̀rọ yóò gba Ọ̀. Yóò gba g, nítorí pé ọ̀rọ̀ lè máa lọ báyìí. Orí h ni yóò ti ṣubú. Bí ó bá mọ̀ ọ́n jábọ̀ dáadáa, yóò ní fáwẹ̀lì tàbí b ni òun ń retí, h ni òun rí. Ìjábọ̀ náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n h kọ́ ni ìṣòro. Gh jẹ́ ìró kan ṣoṣo tí àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn ṣì ń lò, tí ó sì ti di w tàbí tí ó ti sọnù nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Inú gírámà ni òkúta ìkọsẹ̀ wà.

3. Ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo àṣìṣe: Yacc àti àwọn tó tẹ̀lé e

Ọ̀nà tí Yacc gbà fi àṣìṣe hàn rọrùn, òun ló sì fa àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e. Johnson fi ọ̀rọ̀ àkànṣe kan, “error”, sínú èdè gírámà fúnra rẹ̀. Onígírámà lè fi ọ̀rọ̀ yìí sí ibi tó bá rò pé àṣìṣe lè ti wáyé, bí ẹni pé àṣìṣe náà jẹ́ ọ̀kan nínú ìsọ̀rí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣubú, yóò máa ju ohun tó ti kó jọ nù títí yóò fi kan ibi tí òfin ti gba “error”. Lẹ́yìn náà, yóò máa fo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ títí yóò fi rí èyí tó lè bá a lọ. Kí ìjábọ̀ má baà ya lu ara wọn, Yacc kò ní jábọ̀ àṣìṣe tuntun títí yóò fi ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra láìsí ìdíwọ́.

Ọgbọ́n ọmọdé tó ń wo iwájú ni èyí. Ó wúlò, nítorí pé iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Ohun tó sọ fún òǹkọ̀wé ni kò tó: gbólóhùn kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí pé àṣìṣe gírámà wà níbí. Bison, tó jẹ́ àtẹ̀lé Yacc lábẹ́ ètò GNU, fi kún un pé ẹ̀rọ lè sọ ohun tó rí àti ohun tó ń retí, bí ohun tí à ń retí kò bá ti ju mẹ́rin lọ. Síbẹ̀, àtòjọ ìrètí yìí kì í pé nígbà mìíràn, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà dín tábìlì ẹ̀rọ kù ti jẹ́ kó gbé ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1972, Alfred Aho àti Thomas Peterson dábàá atúpalẹ̀ tó ń wá àtúnṣe tó kéré jù lọ tó lè sọ ọ̀rọ̀ di èyí tí gírámà gbà. Ní ọdún 2003, Clinton Jeffery ní kí onígírámà kó àpẹẹrẹ àṣìṣe jọ, kí ó kọ ìjábọ̀ tí ó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ wá ipò tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń gbé e dé. François Pottier mú èrò náà gbòòrò ní ọdún 2016: ó fi hàn bí a ṣe lè mọ gbogbo ipò tí àṣìṣe ti lè wáyé, kí ìkankan má baà wà láìní ìjábọ̀ tirẹ̀. Láàárín àkókò yìí, àwọn tó ń ṣe GCC ti pa Bison tì. Atúpalẹ̀ C++ wọn di èyí tí ènìyàn fọwọ́ kọ ní ọdún 2004, ti C sì tẹ̀lé e ní ọdún 2006.

Ó yẹ kí a kíyè sí irú ìjábọ̀ kejì tí Yacc ń ṣe, èyí tí a kì í sábà kà mọ́ ìtàn yìí. Nígbà tí gírámà bá fúnra rẹ̀ ní ìpọ́n-na, ẹ̀rọ yóò kìlọ̀ fún onígírámà, kí atúpalẹ̀ tó ka ọ̀rọ̀ kankan rárá, pé ìgbésẹ̀ méjì ń dojú ìjà kọ ara wọn. Ìjábọ̀ yìí kò dá òǹkọ̀wé lẹ́bi. Onígírámà ni ó ń bá wí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn ni ẹ̀rọ ti mọ̀ pé ẹni méjì ló yẹ kí òun máa jábọ̀ fún.

4. Igi tí àṣìṣe wà lórí rẹ̀

Fún ìgbà pípẹ́, gbólóhùn tí ẹ̀rọ bá kọ̀ kò ní igi. Yálà a tú u palẹ̀ tàbí a jù ú nù. Ìyípadà dé nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í lo olóòtú tó ń tú iṣẹ́ wọn palẹ̀ bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a ń kọ lọ́wọ́ kì í pé. Bí ẹ̀rọ bá ń ju iṣẹ́ tí kò pé nù, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nínú ANTLR, tí Terence Parr bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, àṣìṣe ní ojúko tirẹ̀ lórí igi. Nínú tree-sitter, tí Max Brunsfeld ṣẹ̀dá, ojúko méjì ni: “ERROR” fún ohun tó wà tí kò yẹ kí ó wà, àti “MISSING” fún ohun tó yẹ kí ó wà tí kò sí.

Ìyàtọ̀ méjì yìí bá gírámà Yorùbá mu. Nínú “Mo rí ní Ọ̀kà”, ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ náà kò ní àbọ̀. Atúpalẹ̀ ayé Yacc yóò ṣubú lórí “ní”, yóò sì dá a lẹ́bi. Igi tó ní ojúko “MISSING” yóò pa “ní Ọ̀kà” mọ́ ní ipò rẹ̀, yóò sì fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn “rí”. Ẹ̀yìn ni ó wò.

5. Ibo gan-an ni àṣìṣe wà? Kíka Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́

Ìjábọ̀ tó péye gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àṣìṣe wà, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń kà. Fún ojú Yorùbá, lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú Ọ̀kà, márùn-ún ló sì wà nínú Ìkàrẹ́. Ní Unicode, Ọ̀kà lè jẹ́ àmì 4 tàbí 6, nítorí pé a lè tọ́jú ọ olámì-ìsàlẹ̀ ní odidi tàbí kí a tú u sí o àti àmì rẹ̀. Àmì ohùn orí rẹ̀ ni ó máa ń dá dúró nígbà gbogbo, nítorí pé Unicode kò ní odidi lẹ́tà kan fún Ọ̀. Ìkàrẹ́ lè jẹ́ àmì 6 tàbí 9. Bí a bá ka báìtì nínú UTF-8, Ọ̀kà jẹ́ 8 tàbí 9, Ìkàrẹ́ sì jẹ́ 11 tàbí 13.

Ìṣirò yìí ní ipa lójú ayé. Ká ní àṣìṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kẹta nínú “Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà”. Ojú ènìyàn yóò ka ibẹ̀ sí ipò kọkànlá. Ẹ̀rọ tó ń ka báìtì yóò pè é ní ipò 18, tàbí 21 bí a bá tú àwọn àmì náà. Gbogbo ohun tí ojú rí kò ju lẹ́tà 13 lọ, títí kan àlàfo. Nítorí náà, ọfà tí ẹ̀rọ fi ń tọ́ka yóò bọ́ síta, níbi tí ọ̀rọ̀ kankan kò sí. Ìṣòro yìí kò kan Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, torí báìtì kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni GCC ẹ̀dà 11 bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò bí ojú ṣe ń rí i.

Èyí tó tún le jù ni pé Ọ̀kà tí a kọ ní odidi àti Ọ̀kà tí a tú kò jọ ara wọn lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti mú wọn dọ́gba. Ọ̀kan yóò wọlé, èkejì yóò di àṣìṣe, ojú ènìyàn kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

6. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò jábọ̀

Bí a bá yọ àmì kúrò pátápátá, òdìkejì ìṣòro náà ló ń ṣẹlẹ̀. “Akoko” lè jẹ́ Àkókó tí í ṣe agbègbè, àkókò tí í ṣe ìgbà, àkọ́kọ́ tí í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí akòko tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè. “Oka” lè jẹ́ ìlú Ọ̀kà, ọkà tí a ń jẹ tàbí ọká tí í ṣe ejò. Atúpalẹ̀ kò ní ṣubú rárá. Yóò mú ọ̀kan, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni dídá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi di iṣẹ́ ìwádìí gidi, bí èyí tí Iroro Orife gbé jáde ní ọdún 2018.

Àkọtọ́ pẹ̀lú ní ìtàn. Gírámà Samuel Àjàyí Crowther jáde ní ọdún 1852. Ìpàdé àwọn ajíhìnrere CMS ní Èkó ní ọdún 1875 fìdí ọ̀pọ̀ àkọtọ́ múlẹ̀. Àkọtọ́ òde-òní tí ìjọba fọwọ́ sí sì dé ní ọdún 1974. Atúpalẹ̀ tí a ṣẹ̀dá láti inú òfin 1974 yóò ka “aiye” àti “enia” sí àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ wọ́n tẹ̀lé òfin ìgbà tiwọn. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju pé wọ́n ṣáájú gírámà náà.

7. Gírámà ta ni?

Abíọ́dún Adétugbọ̀ pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá Nàìjíríà sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, àárín gbùngbùn àti gúúsù-ìlà-oòrùn. A sábà máa ń ka Ìkàrẹ́ mọ́ ìpín ìkẹyìn. Nínú ìpín yìí, ìyàtọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹni kejì ọ̀pọ̀ àti ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ti parẹ́: “àn án wá” lè dúró fún “ẹ wá” tàbí “wọ́n wá”. Ìtumọ̀ méjì ni gbólóhùn náà ní, ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì ṣàṣìṣe. Ọ̀nà láti fi irú rẹ̀ hàn ti wà tipẹ́: atúpalẹ̀ Jay Earley ti ọdún 1968 àti ti Masaru Tomita ní àárín ọdún 1980 sí 1989 lè pa igi méjèèjì mọ́ pọ̀. Ohun tí a nílò ni kí ìpọ́n-na náà di ìjábọ̀ fún onígírámà, kí ó má di ẹ̀sùn lórí olùsọ̀rọ̀.

Ká wá ronú lórí ohun mẹ́ta tó lè wọ inú ẹ̀rọ ní agbègbè yìí: akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá tẹ lẹ́tà kan sílẹ̀, àgbà kan ní Ìkàrẹ́ sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀, ẹlòmíràn sọ èdè Àrìgìdì, tí kì í ṣe Yorùbá. Àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe. Ìkejì jẹ́ àìtó gírámà. Ìkẹta jẹ́ èdè mìíràn. Atúpalẹ̀ Yacc ní ìjábọ̀ kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kódà lórí Yorùbá àjùmọ̀lò, àwọn onígírámà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo. Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbulúyì kò gbà fún ara wọn lórí iṣẹ́ ohùn òkè tó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí a gbọ́ nínú “Adé é lọ”. Ẹni tó bá kọ òfin sínú ẹ̀rọ ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́, ìjábọ̀ àṣìṣe sì ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí ìhà tó gbè sí.

8. Nígbà tí àṣìṣe di máàkì

Lẹ́nu ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí, atúpalẹ̀ tó ń fi àkójọ ọ̀rọ̀ kọ́ṣẹ́ ti gba ipò iwájú nínú iṣẹ́ lórí èdè ènìyàn. Ní ọdún 2020, Ọlájídé Ishola àti Daniel Zeman gbé àkójọ igi gbólóhùn Yorùbá jáde, tí wọ́n fi ọwọ́ ṣàlàyé láti inú Bíbélì Yorùbá. Iṣẹ́ pàtàkì ni, nítorí ó jẹ́ kí Yorùbá bá àwọn èdè ayé mìíràn jókòó ní àtẹ kan náà. Ṣùgbọ́n irú atúpalẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan. Gbólóhùn Ìkàrẹ́, gbólóhùn Àrìgìdì, àti ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fọwọ́ nù lórí bọ́tìnì, gbogbo wọn ni yóò gba igi. Àṣìṣe kò sí lórí igi mọ́. Ó ti di máàkì tí a ń gbà nígbà ìdánwò.

Máàkì yìí kì í hàn bí a kò bá dán ẹ̀ka-èdè wò. Ní ọdún 2024, Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé YORÙLECT jáde, àkójọ ọ̀rọ̀ àti ohùn ní Yorùbá àjùmọ̀lò, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè náà rẹlẹ̀ gan-an sí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìlàjẹ wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àkókó kò sí nínú àkójọ náà. Níbi tí kò sí ìdánwò, kò sí máàkì. Níbi tí kò sí máàkì, àṣìṣe wà síbẹ̀ láìní ẹni tí yóò jábọ̀ rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Láti ọdún 1975 wá, àṣìṣe ti jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú gírámà, lẹ́yìn náà ojúko lórí igi, lẹ́yìn náà máàkì nínú ìdánwò. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èrè tirẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ kọ ọmọ Ìkàrẹ́ lójú gbangba, ó kéré tán ó mọ̀ pé a kọ òun. Ẹ̀rọ tuntun gbà á wọlé, ó sì lè túmọ̀ rẹ̀ sódì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Atúpalẹ̀ tí yóò sin Yorùbá dáadáa nílò àǹfààní ìgbà méjèèjì: kí ó pa ọ̀rọ̀ tí kò yé e mọ́ lórí igi, kí ó ka ipò bí ojú Yorùbá ṣe ń kà á, kí ó ya àṣìṣe òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára àìtó gírámà, kí ó sì fi ìkejì ránṣẹ́ sí onígírámà. Èyí béèrè pé kí ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ọ̀kà àti ti Ìkàrẹ́ wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun nìkan ló lè sọ fún ẹ̀rọ pé ẹni tó ṣubú níhìn-ín kò kọsẹ̀ rárá, ojú ọ̀nà ni kò dé ilé rẹ̀.